Òwúrọ̀ Tí Gbogbo Wa Mọ̀ Pé Ó Ti Kú

Mo ní ìwà kan tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí lórí fóònù pé ara lágbájá kò yá, kí n máa bọ̀, n kì í béèrè irú àìsàn tó ń ṣe é. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé ó wà láàyè àbí ó ti kú? Sọ ọ́ fún mi báyìí." Àbúrò ọkọ mi kan bá mi jà nítorí rẹ̀, ó ní ṣe ni mò ń fi ẹnu mi pa ìyá àwọn. Àwọn ọmọ mi ní n kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, àfi bí ẹni tó dàgbà sínú igbó. Mo gbà fún wọn. Ilé tí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, tí wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ọ́ gbọ́, ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ohun tí ó fi ojú wa rí.

Ẹdẹ ni ilé náà wà, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí gbogbo ìdílé bàbá mi ń lọ. Ọdún kejì tí àwọn ológun tún gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo ti jáde ilé-ìwé àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n dípò kí ìjọba gba olùkọ́ tuntun, àwọn àtijọ́ ni wọ́n ń dá dúró. A ń tò fún ọṣẹ, a ń tò fún ṣúgà, sójà a sì dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò kí ìlà má bàa wọ́. Ọsibítù wà, dókítà wà, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ni wọ́n ní láti fún ènìyàn. Ẹni tó bá ṣàìsàn ni yóò lọ wá oògùn, owú àti abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá mi ti kú ní ọdún méje ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olórí ilé, bàbá àgbà ni à ń pè é. Ìyá mi ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àwa méjì péré ni ó bí: èmi, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ń ṣe tíṣà ní Jẹ́bà, létí odò Ọya, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti rí iṣẹ́.

N kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsọ bí a ṣe gbọ́ ikú bàbá mi. Èkó ni ó kú sí. Àwọn ọkùnrin méjì wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní bàbá àgbà ni àwọn fẹ́ rí. Mo gbé omi fún wọn, wọn kò mu. Wọ́n ní ara bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ le, kí àgbà kan bá àwọn lọ. Wọ́n tilẹ̀ rán ẹnìkan lọ ra oògùn, níṣojú ìyá mi, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èmi ọmọ ọdún méjìlá sá tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo ní kí wọ́n bá mi kí bàbá mi, kí ó ra búrẹ́dì bọ̀ fún mi. Gbogbo obìnrin agbo ilé ń wò mí pẹ̀lú àánú. Wọ́n ti mọ̀. Ọ̀sán ni mo tó mọ̀, nígbà tí èrò kún ilé. Mo sunkún bàbá mi, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ìtìjú búrẹ́dì yẹn dùn mí ju ikú lọ lọ́jọ́ náà. Mo pinnu pé kò ní sí ìgbà kan mọ́ tí èmi yóò jẹ́ òpè inú ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. A kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ ènìyàn lórí. Àgbà ni à ń wá, òun ni a ó sọ pé ara onítọ̀hún kò yá fún, òun yóò sì gbọ́ èyí tí a kò sọ. Pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni ó kú, tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ta ló jẹ́ túfọ̀ fún ìyá? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Mò ń gbálẹ̀ iwájú ilé, ó tó bí aago mẹ́jọ, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé tí n kò mọ̀ rí. Ó wọ ẹ̀wù jalabíà tó ti dọ̀tí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bi mí bóyá ibí ni ilé tíṣà tó wà ní Jẹ́bà. Yorùbá rẹ̀ wúwo lẹ́nu, mo mọ̀ pé Tápà ni. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé àga fún un. Kò jókòó. Mo sáré bu omi wá, ó fi ọwọ́ kọ̀ ọ́.

"Ìyá tíṣà ńkọ́?" ni ó wí.

Mo ní ó wà nínú yàrá lẹ́yìn, kí n pè é.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má pè é. Má jẹ́ kó gbọ́. Bàbá ni mo fẹ́ rí. Bàbá tó dàgbà."

Kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn ni mo ti mọ̀. Mo wo ọkùnrin tí kò jókòó yìí, tí kò mumi, tí kò fẹ́ kí ìyá gbọ́, mo sì rí àwọn ará Èkó méjì ọjọ́sí lójú rẹ̀.

Bàbá àgbà jáde. Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó fa ìwé kan yọ nínú àpò, ó fi í lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ara tíṣà kò yá. Ó wà lọ́sibítù. Wọ́n ní kí ẹ wá, kí ẹ mú oògùn yìí dání, kò sí i lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ ṣe kíá." Ilẹ̀ ni ó ń wò bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Bàbá àgbà wo ìwé náà. Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"A ti gbọ́," ni ó wí. "Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí irú rẹ̀."

"Àmín," ni ọkùnrin náà dáhùn, ó sì yára jáde. Ó ní ọkọ̀ àjàgbé òun wà lójú títì, àlùbọ́sà ni òun ń gbé lọ sí Ìbàdàn. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ènìyàn yóò rìn láti Jẹ́bà kí ó má bàa sọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu, ìwọ yóò wá fi ìbéèrè fà á yọ? Ìwà àìmọ̀kan ni ìyẹn lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí ó lọ tán, bàbá àgbà ní, "Ṣé ó yé ọ?"

Mo ní, "Ó yé mi, sà."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "O ti dàgbà."

Omijé ti ń dà lójú mi, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni mo ń sunkún. Síbẹ̀, nínú ẹkún náà, orí mi wú. Wọ́n kà mí kún àgbà. Mo kórìíra ara mi nítorí orí wíwú yẹn títí di òní olónìí.

Kò pẹ́ ni ìyá mi jáde, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an ni ó gbọ́ ọ: ara ọmọ rẹ̀ kò yá, oògùn ni wọ́n ń fẹ́. Ó gba ìwé náà, ó kà á, nítorí ó ka ìwé mẹ́fà. Ó ní, "Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ọjà ní oògùn yìí. Mo rí i níwájú rẹ̀ ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ kó tó tán."

Ìyàwó bàbá àgbà dì í mú. "Ẹ fara balẹ̀, ìyàwó. Àwọn ọkùnrin ló máa lọ."

"Ìfarabalẹ̀ kí ni? Ọmọ mi ń ṣàìsàn."

Bàbá àgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sọ pé èmi ni màá lọ ra oògùn náà, kí n má sì jẹ́ kí ó jáde, nítorí bí ó bá dé ìta, ojú àwọn ènìyàn lè sọ fún un. Mo ní kí Màámi fún mi, ẹsẹ̀ mi yá ju tiwọn lọ. Ó fún mi. Ó kì mí nílọ̀ kí n yẹ ara ìgò rẹ̀ wò bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.

Mo jáde lẹ́nu ọ̀nà, mo yí gba ẹ̀yìn ilé, mo sì dúró lẹ́yìn ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀. Láti ibẹ̀ dé kẹ́míìsì yẹn, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró títí tí mo rò pé ènìyàn ì bá ti lọ kí ó sì dé. Mò ń ka orúkọ oògùn náà nínú ìwé, mo tún ń kà á. Ohùn kan sọ nínú mi pé, bí ó bá ti kú, kí ni wọ́n tún kọ iye ìgò oògùn síbẹ̀ fún? Èmi fúnra mi ni mo dá a lóhùn: nígbà ikú bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọn kò ra oògùn? Ohun tí ì bá là mí lójú ni mo fi dí ojú ara mi. Mo wọlé padà, mo sọ fún ìyá mi pé bàbá àgbà ti rán ẹlòmíràn tó ní kẹ̀kẹ́ ológeere lọ.

Ó ní, "Ó dáa." Ó bọ́ sí ìdí àdògán, ó ń po ẹ̀kọ tí wọn yóò gbé lọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní tí kò bá lè jẹ nǹkan mìíràn, yóò lè mu ẹ̀kọ. Ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó ń ṣírò bí ọkọ̀ yóò ti pẹ́ tó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn obìnrin ilé dúró káàkiri, wọ́n ń wò ó pẹ̀lú àánú. Èmi náà wà lára wọn. Mo wo ìyá mi bí wọ́n ti wo èmi lọ́jọ́ búrẹ́dì, mo ń sọ nínú ara mi pé, òpè ènìyàn, kò mọ nǹkan kan.

Àwọn ọkùnrin kò jókòó, kí n má fi irọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń sáré. Ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n ń sáré sí. Wọ́n wá pijó ẹlẹ́yìn gígùn tí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé takisí kékeré tó wà nílẹ̀ kò ní gba òkú. Pijó náà lọ tò fún epo. Wọ́n ra aṣọ funfun. Wọ́n pe bàbá ìjọ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú Ará nítòsí wa, kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wá, nítorí a kì í lọ gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni ìyá ọmọ níbẹ̀.

Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ilé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì ti ń bọ Ọ̀ṣun nínú àwọn ìbátan wa, ojú sì máa ń ti bàbá àgbà díẹ̀ bí ó bá wá kí wa ní Sọ́ńdè. Ó dé ní bí aago mọ́kànlá, ilẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún un ní yàrá àlejò. Kò sunkún. Ó ní, "Ta ló fojú rí i?"

Bàbá àgbà ní, "Kò sẹ́ni tó rí i, àna mi. Ṣùgbọ́n a mọ̀."

"Ta ló wá sọ pé ó kú?"

"Wọn kì í sọ ọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ́. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, ta ló bi ọkùnrin yẹn?"

Bàbá ìjọ wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ohun tí Ọlọ́run bá ti ṣe, ó ti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká gbà fún Un." Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi tí mo gbé omi wọlé fún wọn náà ṣe é. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ará oko ni, kò gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ká ní lọ́yà ni ó bi irú ìbéèrè yẹn ni, a ó sọ pé ọlọ́pọlọ ènìyàn ni, ó ń fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Àmọ́ ẹsẹ̀ eléruku ni ó bi í, a sì pè é ní olórí kunkun. Ó dákẹ́, nítorí inú ilé àna rẹ̀ ni ó wà. Aago méjìlá lù kí wọ́n tó gbéra.

Ọjọ́ kejì ni bàbá àgbà padà dé láàárọ̀. Ìdí ògiri ni mo wà, mò ń sá aṣọ. Ó dúró níwájú mi, aṣọ ara rẹ̀ sì ti rún. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ó wà láàyè nígbà tí a ń wá ọkọ̀."

Ó ní àwọn dé Jẹ́bà ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú láàárín aago méjì sí mẹ́ta, ara rẹ̀ kò tíì tutù. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá pàdé àwọn, ó na ọwọ́, ó ní, "Oògùn náà dà?" Bàbá àgbà ní òun wo ọwọ́ ara òun, aṣọ òkú ni ó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní láti àárọ̀ ni aláìsàn ti ń bi òun bóyá awakọ̀ náà ti dé Ẹdẹ.

Ṣé oògùn yẹn ì bá gbà á là? Dókítà ní bóyá. Bóyá yìí ni mo ti ń bá gbé láti ìgbà náà.

Wọn kò mú ìyá mi dé ibojì, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ. Àwọn ènìyàn wá kí wa, ìlú ńlá, ìlú kékeré. Bí wọ́n bá ti gbọ́ bó ṣe jẹ́, wọn a ní, "Ta ni ì bá mọ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ì bá ṣe gbọ́ ọ." Wọn kò purọ́ láti fi tù wá nínú. Bí wọ́n bá kó gbogbo àgbà Ẹdẹ jọ láti dá ẹjọ́ wa, wọn yóò dá wa láre. A kò ya wèrè, a kò ṣe àìbìkítà, ohun tí ojú wa rí ni a fi ṣe ìdájọ́, bí wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sinmi. Ì bá ṣe pé a ti ṣe ìwà òmùgọ̀ ni, n bá mọ ohun tí mo lè ronú pìwà dà lé lórí.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni awakọ̀ Tápà náà wá. Ó ti gbọ́ ní Jẹ́bà. Ó dúró sí ibi tó dúró sí lọ́jọ́sí, ojú rẹ̀ kún fún ìyàlẹ́nu. "Ṣebí mo sọ fún yín pé ara rẹ̀ kò yá."

Bàbá àgbà ní, "A rò pé ẹ̀ ń bo ọ̀rọ̀ ni."

"Kí ni mo fẹ́ bò? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá kú, kíá là ń sọ ọ́. Òkú kì í sùn nílẹ̀."

Mo bi í ìdí tí kò fi mumi. Ó ní òun ń san ààwẹ̀ Ràmàdánì tí òun jẹ nígbà tí òun wà lójú ọ̀nà. Mo bi í ìdí tí kò fi jókòó. Ó ní òun ti jókòó sínú ọkọ̀ láti òru, ẹ̀yìn ń ro òun. Mo bi í ìdí tí kò fi fẹ́ kí ìyá wa gbọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló rán òun bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń ṣe ìyá wa. Ìdí kéékèèké, tí ẹnikẹ́ni lè bi í ní kí ó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà sunkún ju bàbá àgbà lọ.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ògiri ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ ti wó, síbẹ̀ bí mo bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rí ọmọbìnrin kan tó dúró níbẹ̀, tó ń dúró kí àkókò kọjá. Nígbà mìíràn mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kí ó máa lọ, kí ó sáré. Àwọn ará ilé á ní ta ni mò ń bá wí. Kì í lọ.

Ìyá mi lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Kò bi mí léèrè rí. Èmi ni n kò lè gbé e mọ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa la rò pé ó ti kú."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Gbogbo yín lẹ gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. Èmi òmùgọ̀ nìkan ni mo rò pé ọmọ mi wà láàyè, ó sì wà láàyè."

Mo ní n kò mọ̀ ni. Mo ní ọmọdé ni mí, bàbá àgbà ló rán mi. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó wá ní, "N kò bínú sí bàbá àgbà. Bí òun ló sọ pé wọ́n ti lọ ra oògùn náà ni, n bá tún tẹ̀ lé wọn lọ wò ó. Ìwọ lo sọ ọ́. Mo sì gbà ọ́ gbọ́, mo jókòó."